Rìn Ín Kí O Tó Rà Á: Ìgbà Ayé Mi Nídìí Ìbọn Ọdẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ènìyàn ṣe ń parọ́ láìmọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, kó lọ ta ìbọn fún ọdẹ. Mo tà á fún ohun tó lé ní ogójì ọdún ní Gàmbàrí, níbí ní Ìlọrin, mi ò sì tíì rí ọdẹ kan tó sọ fún mi pé ẹran tóun pa wà nítòsí. Gbogbo ẹran ló wà lọ́ọ̀ọ́kán. Èyí tó bá sún mọ́ wọn, bóyá wọ́n kàn máa ń kí i ni, wọn kì í yìnbọn fún un.

Hàwáwù lorúkọ mi. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́ta, torí ọta ìbọn ni mo fi ọdún méjì tò sínú páálí kí wọ́n tó gbà kí n fọwọ́ kan ìbọn. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ mi báyìí. Orúnkún mi ló ní ó tó. Ọmọ ọmọ mi kan tó ń parí sẹ́kọ́ńdìrì ló ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀, torí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe. Mo ní ṣé ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin ló fẹ́ kó kọ̀wé fún ẹni tó ń parí ẹ̀? Ó ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, Màmá." Ó dáa. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló máa rí. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, kó wá a lọ sí GRA, ibẹ̀ ni àwọn tó ń lọ aṣọ ń gbé.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà ò gùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Sálíù, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Ó ti lé ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní ọkùnrin tó bá ń ta ìbọn, ìbọn ló máa fẹ́ràn, kò ní fẹ́ràn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan ó wo èmi àti abọ́ oúnjẹ, ó ní, "Hàwáwù ò fẹ́ pa nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Mo jókòó. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ó ń bọ́ mi, ó ń rán aṣọ Iléyá fún mi, nígbà tó yá ó ń fún mi ní ohun tó tọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọn kì í ta ìbọn bí wọ́n ṣe ń ta àgbàdo ní ọjà Ìpatà. Ìwé àṣẹ ìjọba kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, nínú férémù, orúkọ Bàbá ló wà nínú ẹ̀. Bí àwọn ọlọ́pàá bá mú ìwé yẹn lọ, iṣẹ́ tán nìyẹn. Ìyàwó Bàbá méjèèjì, àwọn ọmọ tó lé ní mẹ́wàá, èmi náà, ìwé yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Láràárọ̀, Bàbá á nu férémù náà kó tó nu ojú ara ẹ̀.

Ó le. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀gá tó le kò dáa, ẹni tí kò ní ọ̀gá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ní kí n dijú, á gbé ọta méjì lé mi lọ́wọ́, á ní kí n sọ èyí tí wọ́n fi ń yin ẹyẹ àti èyí tí wọ́n fi ń yin ìgalà. Bí mo bá ṣì í, màá tú gbogbo páálí inú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, màá sì tún wọn tò. Mo tún wọn tò títí mo fi ń lá àlá páálí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá mi létí. Mò ń gbé ìbọn láti orí káńtà lọ sí inú, ẹnu ẹ̀ sì kọjá lójú oníbàárà kan. Mo ní, "Bàbá, kò sí nǹkan nínú ẹ̀." Ó gbá mi, kò sì bínú rárá, ó kàn gbá mi bí ẹni pa ẹ̀fọn. Ó ní, "Àwọn tí ìbọn ti ṣèèṣì pa láyé yìí, ìbọn tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ló pa wọ́n."

Ṣùgbọ́n rínrìn ni olórí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Bàbá kì í ta ìbọn tàbí ohunkóhun tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn fún ẹni tí kò bá tíì bá a rìn. Ó ní ilẹ̀ gbalasa kan lápá Sọbí tó máa ń kó wọn lọ láràárọ̀ Sátidé. Á gbé ààbọ̀ igbá sórí òkìtì ọ̀gán, á dúró, á wá bi oníbàárà pé ẹsẹ̀ mélòó ni láti ibi tí wọ́n dúró sí débẹ̀.

Ọ̀gá kan wá láti GRA nígbà kan, òṣìṣẹ́ ìjọba, bàtà ẹ̀ ń dán tó fi jẹ́ pé koríko ń tijú láti kàn án.

Ó ní, "Alájì, ìbọn tó ń lọ jìnnà ni mo fẹ́. Iye tó bá jẹ́, kò sí wàhálà."

Bàbá ní, "Jìnnà dé ibo?"

"Igba ẹsẹ̀. Igba ẹsẹ̀ ni mo sábà máa ń yìn ín."

Bàbá fi ọwọ́ tọ́ka sí igbá. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn á tó igba. Bóyá ó lé díẹ̀."

"Hàwáwù, bá ọ̀gá rìn ín."

A rìn. Mò ń ka ẹsẹ̀ sókè kí ó lè gbọ́. Nígbà tí mo pe àádọ́rin lé kan, orúnkún mi kan òkìtì ọ̀gán. Ọ̀gá wo igbá náà bí ẹni pé òun ló dìde rìn wá pàdé wa.

Nígbà tá a padà dé, Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú, ọ̀gá. Ìbọn àádọ́rin ẹsẹ̀ ni màá tà fún yín. Owó ẹ̀ dín."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ yìí mọ̀ nípa ríra ìbọn ọdẹ nìyẹn, bí mo bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ojú ló máa ń lọ jìnnà, owó kì í lọ jìnnà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kó gbogbo owó lé ìbọn lórí, kò wá ní ku èyí tí wọ́n máa fi ra ọta tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Ìbọn á di ohun tí wọ́n ń gbé dúró ya fọ́tò. Bàbá máa ń bi wọ́n pé ẹran wo, igbó wo, apá ta ni? Ẹran wo, torí ẹni tó fẹ́ pa ọ̀yà kò nílò ohun tí wọ́n fi ń pa ẹfọ̀n. Igbó wo, torí nínú igbó wa tó dí, ta ló rí àádọ́jọ ẹsẹ̀ rí? Apá ta ni, torí ìbọn tó wúwo máa ń dùn ún wò lórí káńtà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta nínú igbó, apá tó ti rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Á ní kí oníbàárà dijú, kó gbé ìbọn sí èjìká, kó wá lajú. Bí ojú ẹ̀ bá ti bọ́ sórí àmì tó wà lẹ́nu ìbọn láìwá a, ìbọn ẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń na ọrùn bí àkùkọ tó fẹ́ kọ, kó gbé e sílẹ̀.

Ó sì máa ń dán ojú wò. Á dúró síwájú oníbàárà, á ní kó la ojú méjèèjì, kó na ìka sí imú òun. Bàbá á di ojú kan, á wo ìka yẹn. Ojú oníbàárà tó bá wà lẹ́yìn ìka gan-an ni ọ̀gá nínú méjèèjì. Ẹni tí ojú òsì ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá, tó wá ń gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún, kó ná gbogbo owó Kwara, ẹran á máa sá lọ ni.

Irinṣẹ́ ń yí padà, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí mo dé, àwọn ọdẹ tó pọ̀ jù ń lo ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ rọ, wọ́n á wá ra ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu kan lọ́dọ̀ wa bí owó bá yọ. Ẹlẹ́nu méjì tẹ̀ lé e. Ráífù, èyí tó ń yin ọta lọ jìnnà, ò wọ́pọ̀, ìwé ẹ̀ le láti rí gbà, àwọn tó ní in lágbègbè wa kò ju ìka ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni awò dé, awò gígùn tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn kí ohun tó jìnnà lè sún mọ́ni. Àwọn ọdẹ ya wèrè. Wọ́n ń ra èyí tó pọ́ọ́kú, tó jẹ́ pé bí ìbọn bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àmì inú ẹ̀ á ti ṣí kúrò níbi tó wà. Bàbá ní ìbọn gidi tí kò ní awò sàn ju awò gidi lórí ìbọn jákujàku lọ. Ó ní èyí tó burú jù ni awò jákujàku lórí ìbọn gidi, torí olúwa ẹ̀ á máa rò pé òun ń ríran.

Ọdẹ kan gbé ìbọn padà wá bá mi, ó ní ó ń yà sọ́tùn-ún láti bí oṣù kan. Mo wò ó. Tírà mẹ́rin ló fi awọ so mọ́ ọ̀pá ìbọn, ó so wọ́n le bí ẹni di ẹrù Mẹ́kà. Mo ní kó tú wọn. Ó ní ṣé mo mọ ohun tóun fún alfa kó tó ṣe wọ́n? Mo ní, "So wọ́n mọ́ apá ara ẹ. Ìwọ lẹ̀rù ń bà, ẹ̀rù ò ba ìbọn." Ó tú wọn, ìbọn sì padà sípò. Ó lọ sọ fún gbogbo ọdẹ pé àdúrà mi gbà.

Títí dòní, àwọn ọ̀dọ́ á gbé fóònù wá, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ wo òyìnbó yìí, láti orí òkè kan ló ti yìn ín dé orí òkè kejì." Màá ní ó dáa, ẹ bá mi bi í pé ọta mélòó ló yìn dànù kí wọ́n tó tan kámẹ́rà.

Ẹ ń rí i pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà kan wà tí mi ò lè ṣe é.

Ọ̀rẹ́ tí Bàbá fẹ́ràn jù nínú àwọn oníbàárà ni Àkànmú, Olúọdẹ abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán. Ọmọ ìjọ ni, ó ń kọrin nínú kúáyà, ohùn ẹ̀ sì burú. Bó bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé, á ní, "Ìwọ Ìmọ̀le yìí, o ò tíì kú?" Bàbá á ní, "Mò ń dúró kí o kọ́kọ́ lọ, kí ọ̀run lè gbọ́ ohùn ẹ, kí wọ́n tìlẹ̀kùn." Ẹran àgbò ń lọ sí abúlé nígbà Iléyá, ìrẹsì ń bọ̀ nígbà Kérésìmesì. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tó ní ìwé ráífù.

Lọ́dún tí Bàbá lọ sí Hájì, èmi ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ méjì. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún mi ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra: "Ẹni tí o ò bá bá rìn, má tà fún un." Mo ní mo gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Àkànmú dé. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Hàwáwù, ráífù mi ti gbó. Ibi tí mi ò wò ló ń yìn sí. Fún mi ní tuntun, kí o gbé awò tó dáa sórí ẹ̀."

Mo bu omi fún un. Ó na ọwọ́, ọwọ́ ẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kó tó padà wá bá a. Mo rí i. Mo wo ojú ọ̀tún ẹ̀, ó funfun láàárín bí omi ìrẹsì. Mo rí ìyẹn náà. Ohun tó kù ni kí n ní kó dìde ká lọ sí Sọbí, kó na ìka sí imú mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa dán ojú àgbà wò? Ẹni tó ń pe bàbá tó tọ́ mi ní "ìwọ"? Mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kì í sọ fún àgbà pé kò ríran.

Mo fi ohùn kékeré sọ ọ́. "Bàbá, ṣé ká dé Sọbí díẹ̀, ká lọ rìn ín?"

Ó wo gbogbo èrò. Ó ní, "Ọmọ tí mo gbé pọ̀n sẹ́yìn fẹ́ lọ kọ́ mi ní ìbọn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé ẹ̀, ó pé. Mo sì tà á fún un.

Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí níbi tí mo jókòó sí yìí.

Kò tó oṣù kan. Àkànmú àti àbúrò ẹ̀, Tìmótì, jọ lọ sí igbó ní àárọ̀ kan tí ìkùukùu bolẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣọdẹ láti kékeré. Tìmótì lọ síwájú láti yí gba òdìkejì odò, aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú ló wọ̀. Àkànmú gbé awò sójú ọ̀tún. Ohun tó rí ni nǹkan pupa kan tó ń mì lẹ́yìn ewé. Ó ní ẹtu ni. Ó yìn ín.

Ọta gba apá Tìmótì kọjá, ó fọ́ eegun. Kò kú, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún yẹn kò tún ga ju àyà lọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yọ ìwé lára ògiri, wọ́n fi àgádágodo tiwọn tì wá pa. Ní abúlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, pé ìbọn jákujàku ni wọ́n tà fún Olúọdẹ ní Gàmbàrí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lè pa wá. Bó bá dé ìwé ọlọ́pàá pé a ta ìbọn tó bàjẹ́, ìwé wa ò ní padà wá mọ́ láéláé.

Bàbá ti Mẹ́kà dé pẹ̀lú fìlà funfun àti omi sàmúsàmù, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Kò pariwo. Ó bi mí ní ìbéèrè kan.

"O bá a rìn ín?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa." Ó wọlé lọ ṣàlùwàlá. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá ti mọ ibi tí màá fi ara mi sí.

Gbogbo ẹbí ló ní ìmọ̀ràn. Ọkọ mi ní kí n sọ pé mo dán ojú ẹ̀ wò, ta ló máa jiyàn? Ìyàwó Bàbá kékeré ní ká lọ sọ fún ọlọ́pàá pé afọ́jú ni Àkànmú, kó lọ fi ojú ẹ̀ gbé ẹ̀bi ẹ̀. Bàbá jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. A ò ní tú u síta. Hàwáwù, ohun tí ìwọ ṣe ni kí o sọ, má sọ ti ẹlòmíì."

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, Àkànmú ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, ọdẹ mẹ́fà láti abúlé wọn sì tò sẹ́yìn ẹ̀. Òun àti Bàbá ò ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó jókòó, ọkùnrin kan tó ń fi ìkọ̀wé họ orí, bẹ̀rẹ̀ lórí mi.

"Ìwọ lo ta ìbọn yìí?"

"Èmi ni, sà."

"O yẹ ẹni tí o tà á fún wò?"

"Mo yẹ ìwé ẹ̀ wò, sà. Mi ò yẹ òun fúnra ẹ̀ wò. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa bá oníbàárà rìn, kí n máa dán ojú ẹ̀ wò. Mi ò ṣe é."

"Kí ló dé?"

"Mo tijú ni."

Ó gbé ìkọ̀wé sílẹ̀. "O tijú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àgbà ni wọ́n."

"Ìyàwó, báwo ni mo ṣe máa kọ ìtìjú sínú ìwé yìí?"

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Ó kọ nǹkan kan. Ó wá yíjú sí Àkànmú. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ yìn ín. Ṣé ìbọn yìí ló bàjẹ́?"

Àwọn ọdẹ mẹ́fà yẹn ń wo ẹ̀yìn orí ẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, orí oyè Olúọdẹ ni yóò kú sí, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan mọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló máa jẹ́ kí ẹni tí kò ríran ṣíwájú òun wọ igbó? Mo wo Bàbá. Ilẹ̀ ló ń wò, kò fẹ́ kí ojú òun fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Àkànmú dìde, ó fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn àga, ó dì í mú.

Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe ìbọn. Ojú ọ̀tún mi ti lọ láti bí ọdún méjì. Mo rò pé awò máa bá mi rí i."

Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ní, "Olúọdẹ, ẹ jókòó."

"Mo ti dúró ná." Ó tọ́ka sí mi, ìka ẹ̀ sì yà díẹ̀, ògiri ló ń tọ́ka sí. "Ọmọ yìí ní kí n wá ká rìn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò. Ẹ má jẹ́ kó gbé ẹ̀bi ojú tèmi lórí."

Ìwé wa padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó gùn ju ìwé náà lọ. Wọ́n gba ìwé ráífù lọ́wọ́ Àkànmú. Ní abúlé, wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n fi ẹlòmíì jẹ Olúọdẹ. Ìyẹn ò dùn ún tó ìkejì. Kò sí ọdẹ tó fẹ́ bá a wọ igbó mọ́. Bó bá jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń pín ọ̀nà igbó, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì pín ọ̀nà láìpe orúkọ ẹ̀. Ọdẹ tí kò ní ẹnìkejì, kí ló yàtọ̀ sí ẹni tó ń rìn kiri nínú igbó?

Bàbá ló lọ mú un wá. Ó ní, "Ojú kan ló lọ, kì í ṣe ojú méjì. Dìde níbẹ̀." Àkànmú ṣì ní ìwé ìbọn ẹlẹ́nu kan, ìbọn àtijọ́ kan tó ti ń fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá gé ìdí ẹ̀, ó tún un gbẹ́ kó lè bá èjìká òsì mu. Kò sí awò, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Gbogbo ohun tá a ṣe sí i, pẹ̀lú ọta tó fi kọ́ ọ, kò tó ìdajì owó awò ọjọ́sí. Bí ẹ bá bi mí pé ìbọn wo ló dáa jù nínú gbogbo èyí tó ti ọwọ́ mi kọjá, ìbọn yẹn ni.

Èmi ni mò ń bá a rìn ní Sọbí. Mo ní kó na ìka sí imú mi, ó nà án. Ó fi gbogbo ẹnu bú mi. Ó ní òun ti pa ẹran kí wọ́n tó bí ìyá mi. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún lẹ fi pa wọ́n, òsì yìí ò tíì pa eṣinṣin, ẹ gbé ìgúnpá sókè. Ó ní ẹnu mi á pa mí. Mo ní kó ṣáà má jẹ́ ìbọn ló pa mí, ẹ gbé ìgúnpá sókè. Bàbá jókòó lábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń bọ́ lórí ẹ̀. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ààbọ̀ igbá ti ń fọ́ ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀, nígbà márùn-ún nínú mẹ́fà. A ò gbà á láàyè ju ọgbọ̀n ẹsẹ̀ lọ, òun náà ò sì bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ tèmi ti dùn jù nìyẹn, ibi tí mo ti ń kọ́ àgbàlagbà ní ohun tó ti mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ìyẹn ní yunifásítì.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láti wá gbé ìbọn náà lọ sílé. Ó gbà á, ó jókòó, ó gbé e lé itan, kò dìde. Bàbá ní kí ló tún kù. Ó ní kò sí nǹkan tó kù, òun ń ronú pé òun àti ta ni yóò jọ wọ igbó.

Ibẹ̀ la wà tí Tìmótì fi wọlé. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun ló ti ń bọ̀, ó ká apá ọ̀tún mọ́ àyà. Mi ò tíì rí i pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá tìpátìpá, ó kí mi, ó wá dúró síwájú Àkànmú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti ń yìn ín dáadáa."

"Ẹnu wọn ti pọ̀ jù."

"Wọ́n ní òsì lẹ fi ń yìn ín báyìí."

"Òsì ni."

Bàbá mú tẹ̀sùbáà, ó ń ka ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀. Èmi mú rágì, mo ń nu ibi tí mo ti nù. Tìmótì bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì mú àpò ọdẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílẹ̀, ó fi kọ́ èjìká tó dáa.

Ó ní, "Tílẹ̀ ọ̀la bá mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò ní lọ síwájú o."

Àkànmú ò lè gbójú sókè. "Ta ló ní kí o lọ síwájú?"

"Mi ò ní lọ sẹ́yìn náà. Apá òsì yín ni màá wà, níbi tí ẹ ti ń ríran."

Wọ́n jáde. Mo yọjú lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n láàárín èrò Gàmbàrí. Kí wọ́n tó dé ibi tí ọkọ̀ abúlé ti ń gbéra, Tìmótì ti yí gba ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọjá, ó ti bọ́ sí apá òsì.